Ewé Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa ewé. Wọ́n sọ fún mi nípa òtútù, wọ́n sọ nípa oúnjẹ tí kò ní ata, ẹ̀gbọ́n kan ní Ojúẹlẹ́gbà tilẹ̀ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn. Ṣùgbọ́n pé mo máa jí lọ́jọ́ kan kí n rí i pé gbogbo igi àdúgbò ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n da epo pupa lé wọn lórí, kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ewé náà ti ń já bọ́. Mo dúró ní ibùdókọ̀ mò ń wò wọ́n, mo bá bi bàbá òyìnbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ń pa àwọn igi yìí?"

Bàbá náà wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Oṣù kẹwàá ni." Ó sì ń rẹ́rìn-ín títí bọ́ọ̀sì fi dé.

Bí mo ṣe rí nìyẹn. Oníbèéèrè ni Màámi ń pè mí. Ìdí-Òrò ní Mushin ló ti ń ránṣọ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, ó sì máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé "kí lèyí?" ni ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ láyé. Lọ́jọ́ tí mo rí ewé yẹn, òun ni mo pè.

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ gbọ́, gbogbo igi ibí ń kú o."

"Ṣé ẹ̀ẹ̀rùn ló dé sọ́dọ̀ yín ni?"

"Rárá mà. Òjò ń rọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rọ̀."

"Òjò ń rọ̀, ewé ń gbẹ?" Mò ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lẹ́yìn rẹ̀. "Irú ìlú wo lọmọ mi lọ yìí? Jọ̀ọ́, máa wọ aṣọ tó nípọn."

Gbogbo ohun tí kò bá ti yé Màámi, aṣọ tó nípọn ni ìdáhùn rẹ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú kékeré kan lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Arúgbó mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀. Mo ti rò pé iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, àṣé orúkọ ni. Ọmọ ogún ọdún á dúró lórí ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, á ní, "Dọ́rìsì, dìde, ká lọ jẹun." Háà! Ara mi á bù máṣọ. Ní Mushin, wọ́n á ti fọ́ ọmọ náà létí kó tó pe orúkọ yẹn tán. Èmi ò lè ṣe é. Màmá Dọ́rìsì ni mo ń pè é, bí mo sì ṣe ń pe àwọn yòókù nìyẹn, Màmá lọ́tùn-ún, Bàbá lósì.

Màmá Dọ́rìsì kọ́kọ́ rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Ọsirélíà ló wà. Ìgbà wo ni mo bí ìwọ?"

Mo ní, "Ẹ máa bí mi díẹ̀díẹ̀ mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́.

Gbígbé niṣẹ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Mo gbé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé wọn sínú àga, mo gbé wọn dé ilé ìwẹ̀, mo tún gbé wọn padà. Ẹ̀yìn mi kọ́kọ́ ń dùn mí lálẹ́ nìkan, nígbà tó yá ó ń dùn mí láti àárọ̀. Bí mo bá pe ilé, màá ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, mi ò ní gbọ́ ohùn èèyàn kankan àfi ti tẹlifíṣọ̀n, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá kẹ́tùlù sọ Yorùbá. "Ìwọ kẹ́tùlù yìí, ṣé wàá hó àbí o ò ní hó?" Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ ni.

Ní oṣù kẹsàn-án, kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, obìnrin tó ń bá àwọn arúgbó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lọ bímọ. Jánẹ́ẹ̀tì, mánéjà wa, obìnrin tó máa ń rìn bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ síná, wọlé tọ̀ wá níbi tí a ti ń jẹun, ó ní, "Ta ló mọ iṣẹ́ bébà?" Ọwọ́ mi ti wà lókè kí n tó ronú.

Ó sọ ọ́ fún mi láìfi bò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òun máa fi dán mi wò. Sátidé kan lópin oṣù kẹwàá, àwọn ẹbí àwọn arúgbó máa ń wá mu tíì, wọ́n sì máa ń wo ògiri ńlá tó wà ní yàrá ìjókòó, tí wọ́n fi iṣẹ́ bébà ìgbà ìwọ́wé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí ògiri náà bá dára, iṣẹ́ ọwọ́ di tèmi. Bí kò bá dára, mo padà sídìí gbígbé. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀yìn mi ò lè gba gbígbé ọdún kan sí i. Bí ẹ̀yìn ò bá gbà á, ilé ni mo máa padà sí, pẹ̀lú ọwọ́ òfo àti ẹ̀yìn títẹ̀.

Mi ò sì parọ́ fún un pé mo mọ bébà. Inú bébà ni wọ́n ti tọ́ mi. Àpò sìmẹ́ǹtì ni Màámi fi ń gé pátánì aṣọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lọ́nà Costain ló ti ń gbà á, á gbọn eruku rẹ̀ dànù, á rún un lọ́wọ́ títí á fi rọ̀ bí aṣọ, á wá lọ̀ ọ́. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní pátánì tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì búlúù kọ sí i lára, gbogbo wọn á sì rọ̀ sára ìṣó gígùn kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Bí oníbàárà bá kú, tàbí tó kó lọ síbi tí kò ti ní padà wá mọ́, Màámi á yọ pátánì rẹ̀ kúrò lórí ìṣó, á ká a, á tẹ́ ẹ sínú àpótí abẹ́ tábìlì. Kì í fi dáná láéláé. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá gbé pátánì alààyè bọ́ sílẹ̀, ẹ ò ní rí i kó fi ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Á yára mú un, á gbọ̀n ọ́n, á pe ẹni náà lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le. "Orúkọ alààyè kì í sùn nílẹ̀," ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Pátánì tèmi wà lórí ìṣó yẹn lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀, àbí ó ti bọ́ sínú àpótí? Mo lè bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ni mi ò lè béèrè.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo kó bébà aláràbarà, sísọ́ọ̀sì àti gọ́ọ̀mù sórí tábìlì, ojú tì mí. Wọn ò fẹ́ ṣe é. Bàbá Wílífù, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọgbà, tì í sẹ́yìn, ó ní iṣẹ́ ọmọdé ni. Ọpọlọ Bàbá Wílífù ti ń gbàgbé nǹkan. Kì í mọ ọjọ́, kì í mọ oṣù. Àràárọ̀ ló máa ń dúró níwájú ògiri ńlá yẹn, á wò ó dáadáa, kó tó lọ jẹun. Èmi oníbèéèrè, mi ò béèrè ìdí rẹ̀.

Àwọn tó gbìyànjú, ìka wọn ti le, sísọ́ọ̀sì ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo wá rántí bí Màámi ṣe máa ń ṣe. Mo ká bébà kan sí mẹ́rin, mo gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìyà á, mo sì tú u. Ewé mẹ́rin ló jáde, ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ. Gbogbo yàrá náà ní "Óòò!" Màmá Dọ́rìsì gba bébà, ó ní kí n kọ́ òun. Láti ìgbà náà, èmi ń gé, àwọn ń ká, àwọn ń lẹ̀ ẹ́, àwọn ń sọ àwọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé àwọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Inú mi dùn bí mo ṣe ń relé lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ò sì dùn mí.

Àfi ọ̀rọ̀ ewé yìí ṣá. Kí làwọn èèyàn yìí rí lára ewé gbígbẹ? Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń gbá a ni. Kùtùkùtù àárọ̀, ẹ mú ìgbálẹ̀, ẹ gbá a jọ, ó tán. Níbí, wọ́n á ṣe é ní bébà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n á tún pe ẹbí wá wò ó. Mo rò ó títí, kò yé mi.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kù, Jánẹ́ẹ̀tì gbé àwòrán ohun tó fẹ́ wá. Igi ńlá kan tí ẹ̀ka rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò. Ewé mọ́kànlélógún, pupa, ìyeyè, àwọ̀ ilẹ̀. Kí n kọ orúkọ arúgbó kọ̀ọ̀kan sára ewé kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ewé náà máa já bọ́, kí wọ́n kó jọ sísàlẹ̀ ògiri.

Mo fi bébà náà sápò. Ní àsìkò ìsinmi mo sáré jáde lọ pe Màámi, mo sọ ohun tí wọ́n ní kí n ṣe fún un.

"Ta ló ní kí o kọ ọ́?"

"Mánéjà wa mà."

"Orúkọ àgbàlagbà tó wà láàyè? Lára ewé tó já bọ́? Aúsù bílàhi! Ṣé ó fẹ́ sin wọ́n ni?"

"Ó ní ó rẹwà ni mà."

"Ẹwà ibo? Má dán an wò. Ọmọ tèmi ò ní fọwọ́ ara rẹ̀ ju orúkọ òbí olóbìí sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ti sọ tèmi."

Ohun tó wà lọ́kàn mi náà ló sọ yẹn. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, mo dúró lémi nìkan. Mo rún bébà àwọ̀ ilẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì, mo fi ṣe ara igi, ó dúró gbọnin bí ìrókò. Mo gé ewé mọ́kànlélógún, gbogbo wọn ní àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀. Mo kọ orúkọ wọn gàdàgbà, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀ka, gọ́ọ̀mù onílọ̀ọ́po méjì. Kò sí ewé tó máa já bọ́ níbẹ̀, àfi bí ògiri bá wó. Mo wò ó, mo gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo relé pẹ̀lú ayọ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá Wílífù dúró níwájú ògiri gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Mo rò pé iṣẹ́ mi ló wù ú. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ dé, àga rẹ̀ ṣófo.

Inú ọgbà ẹ̀yìn ilé la ti bá a. Ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òjò ń wínní lé e lórí. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀, ètè rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà. Ó ní òun fẹ́ gbin ọ̀dùnkún. Ó ní ìgbà ìgbìn ti dé, òun rí i lára igi.

Èmi àti nọ́ọ̀sì la gbé e wọlé, ẹ̀yìn mi ké. Nọ́ọ̀sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta bò ó, wọ́n fún un ní tíì gbígbóná, nígbà tó máa di ọ̀sán ara rẹ̀ ti yá. Àlùhámúdù lílàhì.

Jánẹ́ẹ̀tì dúró tì mí níwájú ògiri. Ó ní, "Ṣé o rò pé ọ̀ṣọ́ lásán nìyí? Ògiri yìí ni kàlẹ́ńdà wọn. Ẹni tí kò lè rántí oṣù, ibí ló ti ń kà á. O fi ewé tútù sọ fún Wílífù pé ìgbà òtútù ti lọ, ó sì gbà ẹ́ gbọ́."

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ nípa Màámi, nípa ìṣó, nípa orúkọ alààyè tí kì í sùn nílẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀túnla ni Sátidé. Bí igi yìí bá ṣì rí báyìí, wàá padà sí iṣẹ́ àtijọ́ lọ́jọ́ Ajé."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àṣé Màmá Dọ́rìsì ti ń gbọ́ wa láti orí àga rẹ̀. Ó ní, "Jánẹ́ẹ̀tì, lọ mu tíì." Ó wá kọjú sí mi. "Jókòó. Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀ pé màá já bọ́?"

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni mí. Mo mọ̀. Kì í ṣe jíjá bọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n já bọ́ kí ẹnikẹ́ni má rí mi."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, nítorí Màámi, nítorí ara mi, nítorí kẹ́tùlù tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó fún mi ní tíṣù látinú àpò rẹ̀. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè látọjọ́ yìí. "Mà, kí lẹ máa ń fi ewé yìí ṣe nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé?"

Ojú rẹ̀ yí padà kíá. Ó ní, "A máa ń mú un! A ó dúró sábẹ́ igi, gbogbo wa ní ilé ìwé, a ó la ọwọ́ sílẹ̀, a ó máa sáré bí òmùgọ̀. Bí o bá mú ewé kan kó tó balẹ̀, oríire ni fún ẹ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ o. Bó bá ti kan ilẹ̀, ó ti bàjẹ́."

"Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀?"

"Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ rárá."

Mo dìde. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo tẹ́ bébà síwájú rẹ̀, mo ní, "Ẹ gbé ọwọ́ yín lé e mà."

Ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, a ya ọwọ́ gbogbo wọn. Ọwọ́ tó ti rọ, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ọwọ́ Bàbá Wílífù tí erùpẹ̀ ṣì wà ní èékánná rẹ̀. A ya ti alásè, a ya ti nọ́ọ̀sì. Jánẹ́ẹ̀tì ní òun ò ráyè, ó sì padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó na tirẹ̀. Mo yọ ewé tútù kúrò, a gé òmíràn ní pupa, ní ìyeyè, ní àwọ̀ ilẹ̀, a kọ orúkọ sí wọn. Wọ́n ń já bọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ti là sílẹ̀ dè é. Kò sí èyí tó kan ilẹ̀.

Sátidé dé. Kí àlejò kankan tó wọlé, Bàbá Wílífù jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró síwájú ògiri. Èmi àti Jánẹ́ẹ̀tì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó fi ìka kan ewé tirẹ̀.

Ó ní, "Oṣù kẹwàá. Kò sóhun tí wọ́n ń gbìn lákòókò yìí." Ó yíjú padà sí wa. "Kóòtù mi dà? Òtútù mú."

Mo sáré lọ mú kóòtù náà wá.

Àwọn ẹbí dé, wọ́n mu tíì, wọ́n jẹ kéèkì. Bàbá kan tó ti hewú rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ lára ògiri, ó gbé tirẹ̀ lé e, kò sì tètè gbé e kúrò. Ní ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì, Jánẹ́ẹ̀tì sọ fún mi pé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ti Kérésìmesì.

"Ṣé iṣẹ́ náà di tèmi nìyẹn mà?"

"Ìbéèrè rẹ pọ̀ jù," ó wí. "Ó ti di tìrẹ."

Mo pe Màámi lórí fídíò lójú ẹsẹ̀. Mo yí fóònù sí ògiri, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sún mọ́ fóònù tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé iwájú orí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ojú aránṣọ ló fi ń wò ó. "Gígé yìí dáa. Èyí náà dáa. Ṣùgbọ́n ta ló gé jákujàku tó wà létí fèrèsé yẹn?"

Mo wò ó. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ewé kan ni, etí rẹ̀ rí wágunwàgun, àmì gọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀ káàkiri. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìka kan tó tẹ̀, mo sì mọ ẹni tó ni ìka yẹn. Màmá Dọ́rìsì ń mu tíì lórí àga rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Màámi ní, "Hẹn-ẹn. Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Wọ́n ti sọ ẹ́ di tiwọn."

Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. "Màámi, pátánì mi ńkọ́? Ṣé ẹ ti ká a sínú àpótí?"

Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo rí ilẹ̀, mo rí ilẹ̀kùn tí ń yí padà. Ìṣó gígùn yẹn ló fi hàn mí. Pátánì tèmi ló wà níwájú gbogbo wọn, orúkọ mi gàdàgbà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ.

"Àpótí ibo? Orí ẹ pé ṣá? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọn eruku ara rẹ̀." Ohùn rẹ̀ fẹ́ yí padà, ó sì hú ikọ́. "Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí ti pẹ́, o ti sanra. Wá téèpù, wọn ara rẹ, kí o máa kà á fún mi. Aṣọ tó nípọn ni mo fẹ́ rán."

Mo mú téèpù látinú apẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Èèyàn ò lè wọn ẹ̀yìn ara rẹ̀. Màmá Dọ́rìsì gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ òun lè tó mi. Ó di etí téèpù mú sí èjìká mi, ó ń ka nọ́ńbà, èmi ń tún un sọ lédè Yorùbá, Màámi sì ń kọ ọ́ ní Ìdí-Òrò.